Ibi Tí Omi Ń Gbà, Ibẹ̀ Ni Kí Igi Gbà

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ti ń ṣe é, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ó dára kí ọmọ iléèwé di igi kékeré mú, kí olùkọ́ rẹ̀ bá a gbẹ́ ihò, kó sì bomi rin ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye igi tí wọ́n gbìn fún wa lórí rédíò, ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ibi tí wọ́n gbìn ín sí, àti ohun tó wà láàárín igi kan sí èkejì. Díẹ̀ ní Aláùsá, díẹ̀ ní Fẹ́sítàkì, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Òjòtá. Ẹyẹ lè fò láti ibì kan dé èkejì. Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Àkèré ńkọ́? Omi òjò tó rọ̀ sí Ìkẹjà ńkọ́, ibo ni yóò gbà dé ọ̀sà láì kọ́kọ́ wọ yàrá ènìyàn?

Ìsopọ̀ ló jẹ mí lógún. Èkó ṣì ní igbó díẹ̀, ó ní àbàtà, ó ní ọgbà, ó ní àwọn igi àgbà ní Ìkẹjà GRA àti ní Ìkòyí. Ilé àti títì ti wọ àárín gbogbo wọn. Bí a kò bá ya ojú ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ sórí ìwé ètò ìlú, kí a sì ṣọ́ ojú ọ̀nà náà kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò máa kú níbi tó dá wà.

Ẹ wo Lekki Conservation Centre. Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ló ni ọgbà náà, ọdún 1990 ni ọgbà sì bẹ̀rẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lọ ya fọ́tò lórí afárá òkè igi tó wà níbẹ̀, èyí tó gùn tó mítà 401. Bí ẹ bá tún gun afárá yẹn, ẹ má wo ìsàlẹ̀ nìkan, ẹ wo ọ̀ọ́kán. Òpópónà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ wà lápá kan, ilé ló ń sún mọ́ ọn láti àwọn apá yòókù. Ọ̀bọ mona ń gbé inú igbó yẹn, awọ́nríwọ́n wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá, kí ìdílé méjì tó fọmọ fún ara wọn, a máa ń wádìí kí ẹ̀jẹ̀ má baà kan ẹ̀jẹ̀. Ọ̀bọ náà nílò àyè bẹ́ẹ̀. Akọ tó bá dàgbà nínú agbo kan yẹ kó lè jáde lọ bá agbo mìíràn. Bí títì ńlá bá dí i lọ́nà, inú ẹbí ni wọ́n á ti máa bímọ, àìsàn kan ṣoṣo sì lè pa gbogbo wọn tán.

Àwọn onímọ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Lọ́dún 1967, Robert MacArthur àti Edward Wilson ṣàlàyé pé bí erékùṣù bá ṣe kéré sí i, tó sì ṣe jìnnà sí ilẹ̀ ńlá sí i, bẹ́ẹ̀ ni irú ẹ̀dá tó lè gbé orí rẹ̀ á ṣe máa dín kù sí i. Igbó tí ilé tàbí pápá yí ká dà bí erékùṣù náà. Ní 1979, Thomas Lovejoy bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí Manaus ní Bràsíl, níbi tí àwọn onímàlúù ti ń gé igbó Amazon láti sọ ọ́ di pápá. Ó bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n fi abala igbó sílẹ̀ láàárín pápá náà: òmíràn hẹ́kítà 1, òmíràn hẹ́kítà 10, òmíràn hẹ́kítà 100. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ka ẹyẹ inú wọn, wọ́n sì ń kà á lọ lẹ́yìn tí pápá ti yí wọn ká. Nínú abala hẹ́kítà 100 pàápàá, kò tó ọdún 15 tí ìdajì nínú irú àwọn ẹyẹ tó ń gbé abẹ́ igi fi pòórá. Oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ ń wọlé láti etí igbó, àwọn igi ńlá tó wà létí sì ń kú lórí ìdúró.

Hẹ́kítà 78 kò tó 100. Ìṣirò yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí ẹnìkan bá sọ pé ọkàn òun balẹ̀, pé Èkó ṣì ní igbó, ṣebí Lẹ́kkí wà níbẹ̀.

Apá kejì ìtàn Manaus ló fún mi nírètí. Nígbà tí àwọn onímàlúù pa pápá mìíràn tì, tí igbó kékeré hù padà láàárín abala àti igbó ńlá, ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé. Igbó tí wọ́n gbà kọjá kì í ṣe igbó àgbà o. Ìgbẹ́ lásán ni, igi ọdún mélòó kan péré. Ohun tó wà láàárín ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní Èkó wàyí, ta ló máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ìgbẹ́ hù láàárín Ìkẹjà àti ọ̀sà? Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta púlọ́ọ̀tì kan ní Gbàgádà. Ohun tó mú mi yíjú sí omi nìyẹn. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 3,577, nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀sà àti odò. Omi ti ya ọ̀nà tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Èkó dó, ọ̀nà náà ló sì ń gbà títí dòní, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Ẹ bá mi tẹ̀lé omi náà sókè. Odò Ọ̀ṣun gba inú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo kọjá, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, òun àti ọgbà Lẹ́kkí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Inú ọ̀sà Lẹ́kkí, lápá Ẹ̀pẹ́, ni Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, ọ̀sà Lẹ́kkí sì já sí ọ̀sà Èkó. Odò Ògùn gba Abẹ́òkúta sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sínú ọ̀sà lápá Agbóyì. Yewa ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Igbó Ọmọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì ń gbé. Lójú máápù, odò ló so gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ìdọ̀tí tó bá wọ inú Ọ̀ṣun níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà lápá Iléṣà, ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹja Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n bá sì ṣí omi ìsédò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wọ Odò Ògùn, ará Agbóyì àti Kétu ló máa kó ẹrù sórí tábìlì. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìsopọ̀, mi ò dá a mọ sí Èkó nìkan. Ìlú tó wà lẹ́nu odò kò lè ṣe ètò fún ara rẹ̀ kó má ka àwọn ará òkè odò sí.

Ará Bàrígà ni mí, ẹ̀bá ọ̀sà ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kà á nínú ìwé. Lẹ́yìn Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, àbàtà ṣì wà tí mángíróòfù ń hù nínú ẹrẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, gbòǹgbò wọn á yọ síta, ẹrẹ̀ dúdú á lẹ̀ mọ́ wọn lára, akàn kéékèèké á máa sá wọ ihò bí òjìji rẹ bá ti kan wọ́n. Nínú omi díẹ̀ tó kù láàárín gbòǹgbò, ọmọ ẹja wà níbẹ̀ tí wọn kò gùn tó èékánná. Wọ́n á dúró jẹ́jẹ́, gbogbo wọn á wá yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì wọ abẹ́ gbòǹgbò lọ.

Bàbá kan ń tún àwọ̀n ṣe létí omi ní apá Ìlàjẹ, mo lọ kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹja ń bọ̀?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò rí bíi ti àtijọ́. Ibi tí gbòǹgbò wà lọmọ ẹja ń dàgbà sí. Wọ́n ti da yanrìn sí ibẹ̀. Ẹja tí kò ríbi dàgbà, ibo la ti fẹ́ rí i pa?"

Wọn kò lo ọ̀rọ̀ ìwé kankan, wọ́n sì ti sọ ọ́ tán. Ọmọ ẹja ń dàgbà lábẹ́ mángíróòfù, ó ń jáde sí ọ̀sà, òmíràn ń gba ẹnu ọ̀sà lọ sókun. Bí ibì kan bá já lójú ọ̀nà yẹn, ọwọ́ apẹja ló máa kọ́kọ́ ṣófo, lẹ́yìn náà ìkòkò wa.

Ẹ wá wo ohun tí a ń fi àwọn odò inú ìlú ṣe. Lẹ́yìn òjò alẹ́ kan ní Ṣómólú, mo rí ọ̀pọ̀lọ́ kan nínú gọ́tà ńlá tí wọ́n fi kọnkéré mọ lọ́tùn-ún lósì. Ó fò, ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri, ó yọ̀ padà. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó tún fò. Ògiri yẹn ga ju fífò rẹ̀ lọ, kò sì sí koríko kan, kò sí òkúta kan tó lè fẹsẹ̀ lé. Omi ríbi gbà nínú gọ́tà náà, ohun ẹlẹ́mìí kankan kò ríbi gbà. Omi ọ̀hún gan-an ń sáré jù. Ilẹ̀ kò rí i fà mu, ewéko kò rí i dá dúró, gbogbo òjò ìlú á dé ẹnu ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wá bá omi òkun tó ń kún lọ́wọ́, kò ní rọ́nà jáde, ẹ̀yìn ló máa yí sí, sínú ilé wa. Àwa tí a rí òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011 kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Àwọn tó ń ṣètò irú ìsopọ̀ tí mò ń wí ní ìlànà tiwọn, kò sì ṣòro láti lóye. Wọ́n á kọ́kọ́ wá àwọn ibi tí ẹ̀dá ṣì pọ̀ sí, wọ́n á fi ṣe orísun. Wọ́n á wo ilẹ̀ tó wà láàárín, wọ́n á sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe le tó láti là kọjá: koríko rọrùn, ẹ̀yìnkùlé tó ní igi rọrùn díẹ̀, inú ọjà le, òpópónà márosẹ̀ ló le jù. Kọ̀ǹpútà á wá fa ilà tó gba ibi tó rọrùn jù láti orísun kan dé èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilà bá ti gba ibì kan ṣoṣo tó há, ibẹ̀ ni wọ́n ń sáré dáàbò bò, torí bí ibẹ̀ bá já, ìyókù ti já. Kongjian Yu, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Peking University ní Ṣáínà kó tó kú ní 2025, sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí ìlú kọ́kọ́ ya ilẹ̀ tí omi àti ẹ̀dá nílò sọ́tọ̀ kó tó pín ilẹ̀ ilé. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń pín ilẹ̀ ilé tán ká tó béèrè ibi tí omi máa gbà.

Singapore ni mo máa ń fi ojú sí lára jù, torí ilẹ̀ wọn kò tó nǹkan rárá. Ní 1986 wọ́n la òpópónà márosẹ̀ gba àárín igbó, ó sì gé igbó Bukit Timah kúrò lára igbó Central Catchment. Ní 2013 wọ́n kọ́ afárá kan sórí òpópónà náà, mítà 62, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n gbin igi sórí rẹ̀, fún ẹranko nìkan. Kámẹ́rà ti rí ẹtà tó ń gba orí rẹ̀. Afárá bẹ́ẹ̀ gbówó lórí, mi ò sọ pé ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò lọ́dọ̀ wọn ni àwọn ojú ọ̀nà eléwé tó so ọgbà kan mọ́ èkejì, tó ti ju kìlómítà 300 lọ. Ibi tí wọ́n rí ilẹ̀ fún púpọ̀ nínú rẹ̀ ni etí kánààlù, ilẹ̀ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí omi. Irú ilẹ̀ yẹn, àwa náà ní in. Òfin wa sọ pé kí ilé jìnnà sí kánààlù.

Mo ti fọwọ́ ara mi fa ilà tèmi sórí máápù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àbàtà Agbóyì, níbi tí Odò Ògùn ti ń wọ ọ̀sà. Ó gba etí omi dé Ògùdù, níbi tí Odò Ìyá Aláró ti bọ́ sínú ọ̀sà. Níbẹ̀ ló ti pín sí méjì. Ẹ̀ka kan gòkè lọ pẹ̀lú Odò Ìyá Aláró, ó kọjá lẹ́bàá Mende, ó gba abẹ́ Ìkòròdú Road láàárín Òjòtá àti Maryland, ó sì wá àwọn igi Ìkẹjà GRA lọ. Ẹ̀ka kejì gba etí ọ̀sà lọ sí Òwòrònṣòkí, Bàrígà, títí dé àbàtà Yunifásítì. Ibi tó há jù lórí ilà mi ni abẹ́ afárá Ìkòròdú Road. Bí wọ́n bá tún un ṣe lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi pèpéle ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi lábẹ́ rẹ̀, kí awọ́nríwọ́n lè rìn kọjá láì gun títì. Ojú irin láti Ìddó dé Agége náà lè ṣe ilà kejì, pàápàá pẹ̀lú àwọn igi àgbà tó wà ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, ṣùgbọ́n ti omi ló ká mi lára jù.

Àwọn bàbá wa fi igbó sílẹ̀ létí ìlú. Igbó Orò wà, igbó ìgbàlẹ̀ wà, àwọn kan ṣì kù ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, ní Àgbádárìgì. Nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n ṣe dá a sí, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn pé nítorí ẹyẹ ni. Síbẹ̀, inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ìrókò ti ń dàgbà tó bó ṣe yẹ, àdán sì ń jẹ èso rẹ̀, ó ń gbé kóró rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Bí igbó méjì bá wà tí àdán lè ti ọ̀kan dé èkejì, ìrókò lè ṣí kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn láìsí ẹni tó gbìn ín. Ìjọba lè bá àwọn ọba àti àwọn àwòrò jókòó, kí wọ́n fi àwọn igbó wọ̀nyí sórí máápù kan náà pẹ̀lú odò àti àbàtà. Yóò náni lówó díẹ̀, yóò sì gba ọ̀wọ̀ púpọ̀.

Ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò ní ọjà Ojúwòyè ní Múṣin sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ẹ̀yìn ilé lápá odò ni àwọn ti ń já ewé rinrin àti ewé ìyeyè. "Báyìí, ọmọ mi, mọ́tò ló ń gbé e wá láti Ìjẹ̀bú. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ewé á ti rọ kó tó dé." Wọ́n mú ìdì kan, wọ́n já okùn rẹ̀, wọ́n fi àwọn ewé àárín tó ti dúdú hàn mí, wọ́n sì ń ṣà wọ́n sọnù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Owó wọn ni wọ́n ń sọnù yẹn.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi orúkọ igi lé tálákà kúrò létí omi, èmi kò sí níbẹ̀. A rí Maroko ní oṣù Keje 1990, nígbà tí ìjọba lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò nílé. Àwọn ará Makókó ń gbé orí omi láì dí i, ilé wọn dúró lórí òpó, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ fi wọ́n wé àwọn tó ń rọ yanrìn sínú àbàtà láti kọ́ ẹ̀sítéètì. Ní 2023 àti 2024 ni katapílà ìjọba wó ilé tó wà lójú ọ̀nà omi tí wọ́n ń pè ní System 156 àti 157 ní Ẹti-Ọ̀ṣà. Owó àwọn kan ṣègbé níbẹ̀, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Ká ní ilà yẹn ti wà lórí máápù tí gbogbo ènìyàn lè rí kí wọ́n tó ra ilẹ̀, bóyá ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dáwọ́ lé e.

Ta wá ló ni etí omi? Ìbéèrè yìí ló ń dá iṣẹ́ dúró. Ìlà tèmi yẹn nìkan gba ìjọba ìbílẹ̀ bíi mélòó kan kọjá, nínú ìpínlẹ̀ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti àgbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀ (LCDA) 37. Ní oṣù Kìíní 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló láṣẹ lórí ojú omi inú ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló sì wà lókè odò. Olúkúlùkù ń ṣọ́ ibi tirẹ̀, odò sì ń gba ọwọ́ gbogbo wọn kọjá. Mo fẹ́ kí Èkó àti Ògùn ní ìgbìmọ̀ kan fún Odò Ògùn, tí NIWA àti àjọ tó ń bójú tó ìsédò Ọ̀yán á jókòó níbẹ̀, tí máápù kan ṣoṣo á wà lórí tábìlì wọn.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ará Mende àti Ògùdù lè bẹ̀rẹ̀. Bí kọngilá bá dé láti tún Odò Ìyá Aláró ṣe, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní iyẹ̀pẹ̀, kó jẹ́ kí etí rẹ̀ dagẹ̀rẹ́, kí wọ́n gbin koríko àti igi tó fẹ́ràn omi sí i. Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ní àkùrọ̀ létí irú odò bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé wọn. Wọ́n ń jẹ́ kí ilẹ̀ wà ní ṣíṣí, wọn kì í mọ ògiri, tí ẹnìkan bá sì fẹ́ da yanrìn síbẹ̀ lóru, àwọn ló máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ bá wọn gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ọdún mẹ́wàá, tí yóò sọ pé iṣẹ́ ọ̀gbìn nìkan ni ilẹ̀ náà wà fún, àti pé wọn kò gbọ́dọ̀ tà á.